Fépù orí àtẹ ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù: ẹ yí páálí padà kí ẹ tó san owó

Fépù ni ẹ̀rọ oníbátìrì tó ń sọ oje tó ní nikotíìnì, èròjà tábà tó ń di bárakú, di èéfín tí èèyàn ń fà bíi sìgá. Oríṣi rẹ̀ mẹ́ta ló gba orí àtẹ lágbègbè wa báyìí, láti Fọlágbádé ní Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Sábó ní Ṣágámù, títí kan àwọn kíóòsì tó yí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga ká ní Ìjagun àti Àgọ́-Ìwòyè. Èyí tó kéré jù gùn tó bírò, kò ní ojú ṣájà, tó bá ti tán, ó tán. Ká máa pè é ní kékeré. Èkejì sanra, ojú ṣájà wà nídìí rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára pé èèyàn lè fà á nígbà 5,000, 7,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká pe ìyẹn ní olójú ṣájà. Ẹ̀kẹta ni onígò: òun náà ń gba iná, ṣùgbọ́n ilé oje rẹ̀ ṣeé yọ, látinú ìgò la sì ti ń rọ oje sí i.

Ká má fọ̀rọ̀ gùn. Ẹni tí kò mu sìgá kò ní nǹkan kan tó máa rà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó ti ń mu sìgá tipẹ́, tó ti gbìyànjú àtijáwọ́ títí tó ti sú u, onígò ni kó wò, tó bá lè tọ́jú rẹ̀. Kékeré ṣeé fara mọ́ díẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ara páálí rẹ̀ bá pé. Olójú ṣájà, èyí tó ń tà jù, tí àwọn ọmọ fi ń ṣe fáàrí, kò yẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Òfin la fi wọn wọ́n, kì í ṣe adùn. Òfin tábà tiwa, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí lóṣù karùn-ún ọdún 2015, sọ púpọ̀ nípa sìgá, ṣùgbọ́n kò sọ iye nikotíìnì tó gbọ́dọ̀ wà nínú oje fépù, kò sì sọ bí ilé oje ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó. Nítorí náà, ìwọ̀n àwọn tó ti ṣòfin tiwọn la yá lò. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló bá wa mu jù, torí ìkìlọ̀ tí òfin wọn pàṣẹ ló wà lára ọ̀pọ̀ páálí kékeré tó ń dé ibí. Ìlànà ọdún 2016 ni, inú àṣẹ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù pa lọ́dún 2014 ló ti wá. Nikotíìnì kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 20 lọ nínú mílílítà oje kan. Ilé oje kò gbọ́dọ̀ gbà ju mílílítà 2 lọ, ìgò oje kò sì gbọ́dọ̀ ju mílílítà 10 lọ. Ìdérí ìgò gbọ́dọ̀ jẹ́ irú tí ọmọdé kò lè ṣí. Olùṣe gbọ́dọ̀ kọ ohun gbogbo tó wà nínú ọjà rẹ̀ ránṣẹ́ síjọba, kó sì dúró fún oṣù mẹ́fà kó tó tà á. Ìkìlọ̀ pé nikotíìnì ń di bárakú gbọ́dọ̀ gba ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ojú páálí, níwájú àti lẹ́yìn.

Ó yá, ẹ yí páálí padà.

Lára kékeré, ẹ ó rí 2ml, ẹ ó rí 20mg. Lára olójú ṣájà, ẹ ó rí 10ml tàbí 12ml, ẹ ó sì rí 5%. Ibi tí ọ̀pọ̀ oníbàárà ti ń ṣì í rà nìyí: wọ́n wo 20, wọ́n wo 5, wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn ní èyí tó rọjú. Òdìkejì rẹ̀ ni wọ́n gbé lọ. Ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ nǹkan bíi mílígíráàmù 50 nínú mílílítà kan, nígbà tí 20mg kò ju ìdá 2 lọ. Ẹ wá ṣírò gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Mílílítà 2 lọ́nà 20 jẹ́ mílígíráàmù 40. Mílílítà 10 lọ́nà 50 jẹ́ mílígíráàmù 500. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo yẹn kó nikotíìnì tó wà nínú kékeré méjìlá àbọ̀ sínú. Sì rántí pé ẹni tó mu ọ̀pá sìgá kan kì í gbà ju nǹkan bíi mílígíráàmù 1 sí 2 sínú ẹ̀jẹ̀ lọ.

Ẹnikẹ́ni lè béèrè pé báwo ni ọ̀fun ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ṣe ń gba 50 láìhúkọ́. Iṣẹ́ ásíìdì ni. Nikotíìnì lásán máa ń ta ọ̀fun. Tó bá ti kọjá ìwọ̀n kan, ikọ́ ni yóò lé onítọ̀hún kúrò nídìí rẹ̀. Àwọn olùṣe wá po ásíìdì kan, benzoic acid ló wọ́pọ̀, mọ́ nikotíìnì, ó di ohun tí wọ́n ń pè ní nikotíìnì oníyọ̀. Eléyìí kì í ta ọ̀fun bẹ́ẹ̀, ó sì ń yára wọ ẹ̀jẹ̀. Ohun tí ara fi ń kìlọ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n mú kúrò. Ìdí nìyí tí òfin fi gbọ́dọ̀ sọ iye tó pọ̀ jù, torí ọ̀fun ò lè sọ ọ́ mọ́.

Ní ti iye ìfà tí wọ́n ń kọ gàdàgbà sára páálí, ìpolówó ọjà ni. Ìlànà àyẹ̀wò tí àwọn ilé-iṣẹ́ tábà fúnra wọn ń lò ní yàrá àyẹ̀wò ni kí ẹ̀rọ fa mílílítà 55 fún ìṣẹ́jú àáyá 3, kó sì tún fà nígbà tí ìṣẹ́jú àáyá 30 bá pé. Ṣùgbọ́n kò sóhun tó ní kí ẹni tó ń kọ 7,000 sára páálí tẹ̀ lé ìyẹn. Ó lè ka ìfà tí kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ẹ pín in wò. Kékeré tó ní mílílítà 2, tí wọ́n kọ 600 sí, ń lo nǹkan bíi mílílítà 0.0033 ní ìfà kan. Olójú ṣájà tó ní mílílítà 10, tí wọ́n kọ 7,000 sí, á lo 0.0014. Kí ló mú kí ìfà ìkejì kéré ju ìdajì ti àkọ́kọ́ lọ, nígbà tí èéfín rẹ̀ tún nípọn jù? Tí ti kékeré bá jẹ́ òótọ́, 3,000 ni mílílítà 10 tó kájú. Ẹ má fi iye ìfà dúnàádúrà rárá. Mílílítà àti mílígíráàmù ni kí ẹ fi wo owó.

Tí a bá tú ẹ̀rọ náà, ohun inú rẹ̀ kò pọ̀: bátìrì lithium kan, sẹ́ńsọ̀ kékeré tó ń mọ̀ pé ẹnì kan ń fa afẹ́fẹ́, wáyà tín-ín-rín tó ń gbóná tí wọ́n ń pè ní kọ́ìlì, òwú tó yí i ká, àti oje. Oje náà jẹ́ propylene glycol, gílísáríìnì, nikotíìnì àti ohun amóúnjẹ-ta-sánsán. Kì í ṣe omi. Ẹni tó bá ní omi lásán ló ń jáde, kò tíì tú u wò.

Ohun tó sábà ń bàjẹ́ ni òwú. Tí oje bá ti dín kù, òwú á gbẹ, kọ́ìlì á sì máa jó òwú gbígbẹ. Adùn á yí padà sí ti nǹkan tó jóná, ọ̀fun á ta. Èéfín tó ń jáde nígbà yẹn ní formaldehyde àti acrolein nínú, àwọn kẹ́míkà kan náà tó ń bẹ nínú èéfín sìgá. Lára kékeré, bátìrì àti oje sábà máa ń tán nígbà kan náà, ìyẹn náà ló ń dá èèyàn dúró. Lára olójú ṣájà, iná ṣì wà lẹ́yìn tí oje ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, oníbàárà á sì tún kì í bọ ṣájà kó lè jẹ owó rẹ̀ tán. Ìfà ọgọ́rùn-ún ìgbẹ̀yìn yẹn ló burú jù nínú gbogbo ayé ẹ̀rọ náà. Ẹ jù ú nù lọ́jọ́ tí adùn rẹ̀ bá ti yí padà.

Àwọn kan ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún ìdí kékeré, wọ́n á fa oje míì sínú rẹ̀, wọ́n á tún tà á. Ẹ wo ìdí rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó rà: tí ike ìsàlẹ̀ bá ní ojú ìdè tó ti là, tí ọ̀rá inú páálí bá ti ṣí, tàbí tí ẹnu rẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ìka, ẹ dá a padà. Òwú àti kọ́ìlì ẹ̀rọ yẹn ò ṣe fún ìgbà kejì, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tí wọ́n rọ sínú rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2019 bọ́ sójú ẹ̀ níbí: títí di oṣù kejì ọdún 2020, wọ́n ti ka èèyàn 2,807 tó dèrò ilé ìwòsàn tàbí tó kú nítorí ẹ̀dọ̀fóró tó bàjẹ́ lórí fépù, 68 ló sì kú nínú wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti fa oje tó ní èròjà igbó, irú tí wọ́n ń pò lábẹ́lẹ̀, tí wọ́n fi òróró fítámì E là. Òróró yẹn kò léwu nínú oúnjẹ. Inú ẹ̀dọ̀fóró ló ti di ìjàngbọ̀n. Oje tí a ò mọ orísun rẹ̀ ni ewu tó yá jù, ju gbogbo ohun tí à ń sọ nípa adùn lọ.

Ọ̀rọ̀ bátìrì ò gùn, ṣùgbọ́n kò ṣeé fò. Ṣájà fóònù kékeré tó ń gbé fóòtì 5 (5V) àti áḿpù 1 (1A) jáde ni kí ẹ lò, kì í ṣe oníná kíákíá. Ẹ má kì í bọ iná lábẹ́ jẹ̀nẹ́rétọ̀ tí iná rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ẹ má sì fi í sùn mọ́jú. Bátìrì lithium kì í fẹ́ gba iná nígbà tí ara rẹ̀ bá ti gbóná ju ìwọ̀n 45 (Celsius) lọ, inú mọ́tò tí wọ́n gbé sí oòrùn ní gáréèjì Ṣágámù sì ń kọjá bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án. Tí iná ara ẹ̀rọ bá ń tàn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń fà á, sẹ́ńsọ̀ ti há nìyẹn, kọ́ìlì sì ń gbóná nínú àpò. Ẹ gbé e síta sórí iyẹ̀pẹ̀, kúrò nítòsí aṣọ àti epo.

Ní ti onígò, iṣẹ́ wà nídìí rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi tà tó. Tí ìwọ̀n ìdènà iná kọ́ìlì bá jẹ́ nǹkan bíi óòmù 1, oje tó jẹ́ ìdajì propylene glycol, ìdajì gílísáríìnì ló bá a mu. Èyí tí gílísáríìnì rẹ̀ tó 70 nínú ọgọ́rùn-ún ki jù, òwú kékeré ò ní lè fa á mu, á sì jóná láàárọ̀ ọjọ́ kan náà. Oníṣọ́ọ̀bù tí kò bá bi yín ní irú kọ́ìlì tí ẹ ní kó tó ta oje fún yín, kò mọ ohun tó ń tà. Ẹ rọ oje sí i, ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí òwú rin dáadáa, kí ẹ tó fà á. Ẹ má jẹ́ kí oje lọ sílẹ̀ kọjá ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ pààrọ̀ kọ́ìlì láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, tàbí kó tó bẹ́ẹ̀ tí adùn bá ti dúdú. Onígò tí kò sí kọ́ìlì rẹ̀ lọ́jà wa, ẹ má rà á rárá, torí yóò di àlòsọnù olówó ńlá. Ẹni tó ń mu páálí sìgá kan lójúmọ́ sábà ń bẹ̀rẹ̀ láti 18 tàbí 20mg. Ẹni tó ń mu díẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti 6 sí 12. Lẹ́yìn náà ni kó máa dín in kù. Kò sí irú àǹfààní yìí lára olójú ṣájà: 50 lo bá, 50 lo máa kú sí.

Onígò náà ni wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò tó lórúkọ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n pín èèyàn 886 tó fẹ́ fi sìgá sílẹ̀ sí ọ̀nà méjì, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2019. Apá kan gba onígò pẹ̀lú ìgò oje 18mg kan. Apá kejì gba gọ́ọ̀mù, pálá tí à ń lẹ̀ mọ́ ara, tàbí irú oògùn nikotíìnì míì tó bá wù wọ́n. Gbogbo wọn ló ní olùdámọ̀ràn tó ń rí wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Nígbà tí ọdún kan pé, ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn onífépù ti jáwọ́ nínú sìgá, tàwọn tó kù jẹ́ 9.9. Àwọn tó fẹ́ràn fépù máa ń dúró síbẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ ká ka ìyókù: nínú àwọn tó fi fépù jáwọ́, ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ṣì ń fa fépù náà lọ́jọ́ tí ọdún pé, nígbà tó jẹ́ pé ìdá 9 péré ló ṣì ń lo oògùn tiwọn ní apá kejì. Èèyàn bọ́ lọ́wọ́ sìgá, kò bọ́ lọ́wọ́ nikotíìnì. Ẹni tó sì ń fa fépù lọ́sàn-án, tó ń mu sìgá lálẹ́, kò tíì bọ́ lọ́wọ́ èyíkéyìí.

Ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Súpámákẹ́ẹ̀tì ló dára díẹ̀: inú gíláàsì tí wọ́n tì ni ó wà, nínú òtútù, páálí ò sì ṣí. Àbùkù ibẹ̀ ni pé ẹni tó ń gba owó kì í béèrè ọjọ́ orí. Kíóòsì ẹ̀gbẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ kò ṣe é gbà rárá: wọ́n tò ó sáàárín súìtì àti bísíkíìtì, páálí aláwọ̀ máńgòrò àti bọ́bù-gọ́ọ̀mù, ní gẹ́gẹ́ ojú ọmọ JSS, oòrùn sì ń pa á láti àárọ̀. Oje tó ti di dúdú bíi ti tíì nínú ilé oje rẹ̀ ti pẹ́ nínú ooru. Ẹ fi sílẹ̀. Láwọn ọjọ́ Ojúde Ọba, àtẹ fépù máa ń jáde sójú ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí àtẹ fìlà, ọjà ọjọ́ yẹn ni kí ẹ yẹra fún jù, torí ẹni tó tà á kò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí ẹ bá fẹ́ dá a padà. Àwọn tó ń polówó lórí WhatsApp, tí wọ́n ń fi ọ̀kadà gbé e wá, yára gan-an, ṣùgbọ́n ọlọ́kadà ò mọ̀ bóyá ọmọ ọdún 12 ló gba ọjà lọ́wọ́ òun. Ilé fàájì tó ń gbé fépù kan káàkiri pé kí ẹ tọ́ ọ wò, ẹ jọ̀wọ́, ẹnu mélòó ló ti kàn án? Ikọ́ fée ò tíì tán nílẹ̀ yìí.

Kóòdù tí à ń họ lára páálí kò tó ẹ̀rí pé ojúlówó ni. Ẹni tó ń ṣe ayédèrú páálí lè ṣe ayédèrú ìkànnì tí kóòdù náà ń gbé yín lọ. Ẹ fọwọ́ ara yín tẹ àdírẹ́sì olùṣe, kí ẹ tó fi nọ́ńbà náà wò ó.

Oje nikotíìnì jẹ́ májèlé fún ọmọdé, ìdí nìyí tí ìdérí ìgò fi wọ inú òfin. Tí ọmọ bá mu ún, tàbí tó dà sí i lára púpọ̀, èébì, òógùn, àti ojú tó funfun ló ń kọ́kọ́ yọ. Gìrì lè tẹ̀ lé e. Ẹ bọ́ aṣọ tó rin, ẹ fi omi púpọ̀ ṣan ara rẹ̀. Ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ẹ má fún un ní epo pupa, bó ti wù kí ìyá àgbà sọ ọ́ tó, torí epo lè gba ọ̀nà èémí lọ nígbà tó bá ń bì. Ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ilé ìwòsàn ńlá OOUTH ní Ṣágámù ni kí ẹ gbé e lọ kíá, pẹ̀lú ìgò náà lọ́wọ́, kí dókítà lè ka iye mílígíráàmù lára rẹ̀.

Ká padà sórí òfin. Òfin 2015 sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ta ọjà tábà fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, kò gbọ́dọ̀ ta sìgá lọ́pá kọ̀ọ̀kan, kò sì gbọ́dọ̀ tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìlànà tó tẹ̀ lé e jáde lọ́dún 2019. Ibi tí ìjàngbọ̀n wà ni ìtumọ̀ ọjà tábà. Nínú àdéhùn àgbáyé lórí ìṣàkóso tábà tí a wà nínú rẹ̀ láti 2005, ohun tí wọ́n fi ewé tábà ṣe, lódindi tàbí lápá kan, ni ọjà tábà. Agbẹjọ́rò oníṣọ́ọ̀bù á ní oje ni oníbàárà òun ń fà, kì í ṣe ewé. Tí nikotíìnì bá sì jẹ́ èyí tí wọ́n pò ní yàrá kẹ́míkà, tí kò tinú ewé kankan wá, ọ̀rọ̀ náà á tún le sí i. Amẹ́ríkà bá irú ihò yìí pàdé, wọ́n sì fi òfin dí i lóṣù kẹta ọdún 2022: nikotíìnì ni nikotíìnì, níbikíbi tó ti wá. Gbólóhùn kan péré ni àwa náà nílò láti dí tiwa.

Kì í ṣe pé a ò ní ẹni tó lè mú òfin ṣẹ. Àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo oníbàárà ló bu ìtanràn mílíọ̀nù 110 dọ́là lé British American Tobacco lọ́dún 2023. Ẹni tó lè mú erin kò yẹ kó sọ pé ẹtu pọ̀ jù fóun. Ohun tó kù ni kí wọ́n kọ iye mílígíráàmù àti mílílítà sílẹ̀ lédè tí ọlọ́pàá àti oníṣọ́ọ̀bù lè kà lára páálí, kí wọ́n má sì fi sí ọ̀rọ̀ rèǹtèrente.

Àwọn kan ní kí a fòfin dè é pátápátá. Ùgáńdà ṣe é lọ́dún 2015, Íńdíà àti Etiópíà lọ́dún 2019. Lójú tiwa, ọ̀nà yẹn ò ní ṣiṣẹ́ níbí. Ìrẹsì tí ìjọba ní kó má gba bodè ilẹ̀ wọlé mọ́ láti 2016 ṣì ń wọlé, fépù kò sì tó ìrẹsì gbé. Àpò kan ṣoṣo gba ọgọ́rùn-ún. Ọsirélíà ní kí fépù máa wà ní ilé oògùn nìkan láti oṣù keje ọdún 2024, ìjà wọn pẹ̀lú àwọn tó ń tà á lábẹ́lẹ̀ ò sì tíì parí. Àmọ́ ìfòfindè ọjà kan pàtó yàtọ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de fépù àlòsọnù láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2025, nítorí pàǹtírí àti nítorí àwọn ọmọ. Lábẹ́ òfin yẹn, ojú ṣájà nìkan ò sọ ẹ̀rọ di ohun tí à ń tún lò. Ó gbọ́dọ̀ ṣeé rọ oje sí pẹ̀lú. Olójú ṣájà tiwa yìí, tó ń pe ara rẹ̀ ní ẹ̀rọ ìgbàlódé, kò lè yege níbẹ̀ lórí oje, lórí ìwọ̀n, tàbí lórí àtúnlò.

Owó orí Gúúsù Áfíríkà ló wù wá jù. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023, ráńdì 2.90 ni wọ́n gbà lórí mílílítà oje kọ̀ọ̀kan. Ní iye ìgbà yẹn, kékeré á san 5.80, olójú ṣájà onímílílítà 10 á san 29. Owó yẹn mọ ẹni tó ń bá wí. Tí tiwa bá máa dé, ì bá dára kí ó jẹ́ lórí mílígíráàmù nikotíìnì, kí olóje 50 má bàa san ohun kan náà pẹ̀lú olóje 10.

Ọ̀rọ̀ adùn ṣòro díẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè fòfin de gbogbo adùn, wọ́n sọ ọ́ lóṣù kejìlá ọdún 2023. Wọ́n ní orílẹ̀-èdè 88 ni kò tíì ní ọjọ́ orí kankan tí wọ́n fi lélẹ̀ fún ríra fépù nígbà yẹn. Òótọ́ ni pé adùn ló ń fa ọmọdé. Òótọ́ sì ni pé àgbàlagbà tó ń sá fún sìgá kì í sábà fẹ́ ohun tó ń rùn bíi sìgá. A fara mọ́ kí adùn èso díẹ̀ kù nínú ìgò, lẹ́yìn gíláàsì, láìsí àwòrán kátúùn lára páálí, kí wọ́n sì yọ bọ́bù-gọ́ọ̀mù àti súìtì kúrò pátápátá.

Tó bá wá tán, ẹ má jù ú sínú iná pàǹtírí ẹ̀yìnkùlé. Bátìrì inú rẹ̀ lè bú. Ẹ fi téèpù lẹ ojú ṣájà rẹ̀, ẹ kó o sínú agolo tó gbẹ, kí ẹ gbé e fún àwọn tó ń ra bátìrì fóònù àti kọ̀ǹpútà tó ti bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn pé nikotíìnì wà nínú rẹ̀, kí wọ́n má fi ọwọ́ lásán tú u.